Láptọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀: Windows, Linux, MacBook àbí Chromebook?

Ẹni tó ń wá láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, iye RAM àti bí ara ẹ̀rọ ṣe ń dán ni òǹtajà máa ń kọ́kọ́ fi hàn án. Ìbéèrè tó ṣáájú ìyẹn ni pé: ta ni yóò ṣí fáìlì yín lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán? Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè tí olùkọ́ rẹ̀ ń ṣàtúnṣe iṣẹ́ ìwádìí nínú Word, àti atẹ̀wé tó ń ṣe báńà rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ fún Ojúde Ọba, ẹ̀rọ kan náà kọ́ ni wọ́n ń wá.

Windows

Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní 14 October 2025. Nítorí náà, ẹ má san owó ńlá lórí ẹ̀rọ tí kò lè gbé Windows 11. Ohun tí Windows 11 ń béèrè ni TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò), UEFI (ètò tó ń jí ẹ̀rọ) tó ní Secure Boot, àti RAM 4 GB (ẹ jẹ́ kó tó 8, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa dúró dè é). Ní ti Intel, ìran kẹjọ sókè ni. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé i5 ló ń sọ ìran rẹ̀: i5-8250U yege, i5-7200U kò yege. Àwọn òǹtajà kan máa ń fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí ìran kẹfà. Yóò ṣiṣẹ́, àmọ́ Microsoft kò ṣèlérí pé àtúnṣe yóò máa dé ibẹ̀.

Lójú òǹtajà, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ `tpm.msc`, 2.0 ló gbọ́dọ̀ hàn níwájú "Specification Version". Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ `slmgr /xpr`. Bí ó bá dárúkọ ọjọ́ tí yóò parí, ìwé-àṣẹ iléeṣẹ́ kan tàbí kíráàkì (ọgbọ́n tí wọ́n fi ń lo sọ́fítíwíà láì sanwó) ni wọ́n fi ṣí i, èyí tí kì í ju 180 ọjọ́ lọ kó tó di pé ó ní láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ kíráàkì ló máa ní kí ẹ pa antivirus kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Ẹ fura.

Linux

Irú Linux ni Mint àti Ubuntu, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Bí SSD (ibi ìpamọ́ tó yára) bá wà nínú ẹ̀rọ, Mint Xfce (Mint tó fúyẹ́) máa ń rìn dáadáa lórí Intel ìran kẹrin pẹ̀lú RAM 4 GB, àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sórí fíláàṣì 8 GB, kí ẹ fi ṣí ẹ̀rọ náà ní ṣọ́ọ̀bù láì tíì fi sínú rẹ̀. Wi-Fi ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò, torí Wi-Fi tí iléeṣẹ́ Broadcom ṣe máa ń ṣe agídí.

Ibi tí wàhálà wà ni CorelDRAW, sọ́fítíwíà tí àwọn atẹ̀wé fi ń ya báńà, tí fáìlì rẹ̀ ń jẹ́ .cdr. Kò ní ti Linux rárá. Inkscape, sọ́fítíwíà ìyàwòrán ọ̀fẹ́, lè ṣí fáìlì .cdr, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ máa ń yẹ̀ kúrò níbi tó wà, kò sì lè fi .cdr pa mọ́. Atẹ̀wé tí oníbàárà ń gbé .cdr wá bá, kó gbàgbé Linux. Wine, tó ń gbé sọ́fítíwíà Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, náà kò ṣeé gbára lé fún iṣẹ́ tí owó ti wọlé lórí rẹ̀.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ kò le tó bẹ́ẹ̀. LibreOffice, tó dà bí Office, ń ṣí .docx (fáìlì Word), àmọ́ irú lẹ́tà Calibri àti Cambria kò sí níbẹ̀, ìyẹn ló ń mú kí nọ́ńbà ojú ìwé yí padà. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú Terminal, `sudo apt install fonts-crosextra-carlito fonts-crosextra-caladea` yóò fi lẹ́tà tí fífẹ̀ wọn bá tiwọn mu sí i. PSPP ń ṣí fáìlì .sav ti SPSS (sọ́fítíwíà ìṣirò fún iṣẹ́ ìwádìí), ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìṣirò SPSS ló ní.

Pátẹ́ǹtì ńkọ́?

Pátẹ́ǹtì ni ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan. Òun ló fà á tí fídíò fóònù yín fi lè kọ̀ láti ṣí lórí Linux. H.265, ọ̀nà tí fóònù fi ń fún fídíò pọ̀, ní àwọn oní-pátẹ́ǹtì tó ń gbowó lórí rẹ̀. Ní 2022, Fedora 37 (irú Linux mìíràn) yọ ìrànlọ́wọ́ tí ṣíìpù àwòrán ń ṣe fún ṣíṣí H.264 àti H.265 kúrò nítorí ẹ̀. Lórí Ubuntu, ẹ fi àmì sí àpótí tó ń béèrè bóyá kó fi sọ́fítíwíà àwọn ẹlòmíì kún un, tàbí kí ẹ fi VLC sí i. Ohun tó ń ṣí irú fídíò bẹ́ẹ̀ wà nínú VLC fúnra rẹ̀. Pátẹ́ǹtì ti MP3 ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2017. Microsoft sì tú exFAT, ọ̀nà tí memory card ńlá fi ń to fáìlì, sílẹ̀ ní 2019, ìdí nìyẹn tí memory card 64 GB fi ń ṣí wẹ́rẹ́ lórí Linux òde òní. Kíráàkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ pátẹ́ǹtì: òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 ní Nàìjíríà ló dáàbò bo sọ́fítíwíà.

MacBook

CorelDRAW, Office àti SPSS wà fún un. Èyí tó ní M1 (ṣíìpù tí Apple fúnra rẹ̀ ṣe) ti 2020 sókè ni kí ẹ rà. MacOS 26 ni yóò gbẹ̀yìn lórí Mac Intel. RAM kò ṣeé fi kún, nítorí náà 8 GB tẹ́ ẹ bá rà ni 8 GB títí láé. Ẹ jẹ́ kí òǹtajà pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ níwájú yín, kí ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tẹ̀ lé ètò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí dé desktop. Bí "Activation Lock" tàbí "Remote Management" bá yọjú, ẹ dá a padà. Ẹ̀rọ ẹlòmíì tàbí iléeṣẹ́ ni.

Chromebook

Òun ni owó rẹ̀ kéré jù, ó sì tó fún ọmọ tó ń tẹ ìwé lórí Google Docs, bí dátà bá wà. Kò gbé CorelDRAW, kò gbé SPSS. Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà About ChromeOS, kí ẹ wo ọjọ́ tí àtúnṣe yóò parí ní "Additional details". Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ẹ má rà á, bó ti wù kó dán tó.