Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé màmá mi lọ wo Red Fort

Ìwé kan ló mú mi jókòó kọ èyí. Ìwé rẹ́jísítà ńlá ni, irú èyí tí àwọn ọlọ́dẹ máa ń ní lẹ́nu géètì, ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ẹ̀tì kan ní Delhi. Bí mo ṣe ń di màmá mi lápá mú kó lè wọlé, ọmọkùnrin tó jókòó nídìí ìwé náà nà ọrùn wo nọ́ńbà mọ́tò wa, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ aago: 11:50. Ó kọ 2, ìyẹn èmi àti màmá mi. Mi ò gbọ́ Híńdì, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà kà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tajà. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń kọ nọ́ńbà mọ́tò oníbàárà sílẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó ń bọ̀ wá gba owó lórí rẹ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtọ́jú ló gbé wa dé Íńdíà, bó ṣe ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà débẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ orúnkún ọ̀tún Alhaja, màmá mi, iṣẹ́ abẹ náà sì yọrí sí rere, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, dókítà ní kó jáde fún wákàtí díẹ̀ kó rí atẹ́gùn, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé mọ́tò ló ń gbé e kiri tí kò sì ní dúró pẹ́ lórí ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ìrìn àfẹ́ aládàáni: mọ́tò tiwa, dírẹ́bà tiwa, amọ̀nà tiwa, wákàtí márùn-ún, 6,500 rupee láìka tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Ká ní èmi nìkan ni, ǹ bá fi ẹsẹ̀ mi rìn ín. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú màmá ẹni ọdún 71 tó ń fi wọ́kà rìn, ẹni tó mọ ọ̀nà ni mo fẹ́.

Gbogbo ètò, orí WhatsApp la ti ṣe é pẹ̀lú obìnrin kan ní ọ́fíìsì wọn. Ó yára fèsì, ó sì ní sùúrù, mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ ni mo kọ sí i pé màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa padà lọ rí dókítà, ṣé a lè jáde lọ́jọ́ Ajé? Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Madam, kò sí ìṣòro rárá." Ó fi orúkọ ibi tí a máa dé ránṣẹ́: Qutub Minar (ilé gogoro àtijọ́), Lotus Temple (ilé ìjọsìn tó rí bí òdòdó), India Gate, Red Fort (ààfin olódi àwọn ọba àtijọ́), Jama Masjid (mọ́ṣáláṣí ńlá), ọjà Chandni Chowk. Mo sanwó lójú ẹsẹ̀.

Red Fort kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Lotus Temple náà kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Kì í ṣe àṣírí. Dírẹ́bà mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń ta omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mọ̀ ọ́n, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa mú àlejò lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ kò sì lè sọ pé òun ò mọ̀.

Àmọ́ àárọ̀ yẹn dùn, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n dé iwájú ilé tí a wọ̀ sí. Mọ́tò mọ́, dírẹ́bà ti ti àga iwájú síwájú kí Alhaja lè na ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn láìjẹ́ pé a sọ fún un. Amọ̀nà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, bẹ̀rẹ̀ kí Alhaja, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní "Mata ji", ìyẹn "màmá" ní Híńdì. Alhaja ò mọ ohun tó túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ó mọ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ó gbàdúrà fún un ní Yorùbá, ọmọ náà sì ń ṣe àmín.

Qutub Minar la kọ́kọ́ dé. Àlejò ń san 600 rupee, ọmọ onílẹ̀ ń san 40. Mo rí àwọn òyìnbó tó ń kùn sí i, èmi ò kùn: ilẹ̀ wọn ni. Ilé gogoro náà ga ní mítà 72.5, ó ti wà láti nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, wọn kì í sì í jẹ́ kí èèyàn gun inú rẹ̀ mọ́ láti 1981, nígbà tí iná kú lójijì, tí èrò tẹ ara wọn pa lórí àtẹ̀gùn, ọmọ iléèwé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Alhaja ṣe "Ìnnà lílláhì", ó sì dákẹ́ díẹ̀.

Ohun tó gbà á lọ́kàn ju ilé gogoro lọ ni òpó irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ ilé alágbẹ̀dẹ ni màmá mi, ìdí ẹwìrì ni bàbá rẹ̀ kú sí. Òpó yẹn lé ní mítà méje, ìwọ̀n rẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́fà, ó ti wà níta gbangba láti nǹkan bí 1,600 ọdún, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, kò dípẹtà. Alhaja ní kí n bi amọ̀nà pé kí ni wọ́n fi pa á lára. Ọmọ náà ò sáré. Ó ṣàlàyé pé wọn ò fi nǹkan kan pa á, pé phosphorus tó pọ̀ nínú irin náà ló jẹ́ kí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó lójú, awọ yẹn ló ń dáàbò bò ó. Ó ní òun kàwé nípa rẹ̀ torí pé àwọn àlejò máa ń béèrè. Alhaja mi orí, ó ní, "Àwọn tó rọ ọ́ mọ̀ ọ́n ṣe o." Ìṣẹ́jú ogún ló fi jókòó síwájú irin yẹn lórí àga onítáyà, kò sì sẹ́ni tó kán an lójú.

Láti ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Nígbà tí a dé itòsí Lotus Temple, amọ̀nà nawọ́ sí i láti inú mọ́tò: ẹ wò ó, ewé mábù 27, 1986 ni wọ́n ṣí i, ó ti pa lónìí. Mo rò pé nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. A yí India Gate po, a ò sọ̀ kalẹ̀. A dé iwájú Red Fort. Ògiri pupa gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, géètì ńlá, ilẹ̀kùn tì. Ní 1639 ni ọba Shah Jahan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ́ ọ, èmi sì dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tó wá gba gbèsè tí onígbèsè ti sá lọ.

"Ọjọ́ Ajé ni," amọ̀nà sọ bẹ́ẹ̀, kò wojú mi. Lẹ́yìn náà ló ní, níwọ̀n ìgbà tí àyè ti wà báyìí, ṣé ká lọ wo ibi tí wọ́n ti ń hun kápẹ́ẹ̀tì Kashmir, wíwò ò ní kí ẹ rà.

Bí a ṣe dé ibi ìwé rẹ́jísítà nìyẹn.

Ìṣẹ́jú 52 la lò níbẹ̀. Wọ́n fi wá sórí tìmùtìmù tó wálẹ̀, èyí tí orúnkún Alhaja ò lè fara dà, títí mo fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó wá àga gidi fún un. Wọ́n gbé tíì oníwàrà tó ní ata ilẹ̀ nínú wá. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń ta kókó òwú kọ̀ọ̀kan, ó ṣáná sí òwú kan kí a lè gbóòórùn pé ṣẹ́dà ni, ó ní kí n bọ́ bàtà tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọkùnrin méjì ń tú kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ níwájú wa, ọ̀kan lórí ìkejì, títí wọ́n fi ga dé ojúgun. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 1,800 dọ́là. Mo ní a ò rà. Ó dé 1,200. Mo ní màmá mi ń gbàtọ́jú lọ́wọ́. Ó dé 650, ó sì bi mí bóyá mi ò fẹ́ kí màmá mi ní ohun tó dáa nílé ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Mo fi ọdún méjì tọ́jú owó orúnkún yẹn.

Nígbà tí mo dìde, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Kò bá wa dé ẹnu ọ̀nà tí a gbà wọlé. Ilẹ̀kùn mìíràn ló ṣí, yàrá ìborùn ló wà lẹ́yìn rẹ̀, yàrá góòlù ló tún wà lẹ́yìn ìyẹn. A ní láti gba inú gbogbo wọn kọjá, Alhaja pẹ̀lú wọ́kà rẹ̀, kí a tó rí ìta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú.

Amọ̀nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Mo bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ torí ìyá mi wà níbẹ̀. Mo ní: mo rí ìwé yẹn. Mo ní: wákàtí márùn-ún ni mo rà, ọ̀kan ti lọ sínú ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ màmá mi nìyí. Kò jiyàn, kò ṣàlàyé, kò di ẹ̀bi ru dírẹ́bà. Ojú rẹ̀ ṣáà wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síhà fèrèsé mọ́tò, ó bi Alhaja, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀: "Mata ji, níbo gan-an lẹ̀ ń fẹ́ dé lónìí?"

Láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó bi í. Èmi náà ò bi í. Alhaja ní mọ́ṣáláṣí yẹn lòun ń fẹ́, òun fẹ́ kírun ọ̀sán níbẹ̀.

Ìtàn ọjọ́ yẹn yí padà níbẹ̀, bí mo ṣe ń kọ ọ́ báyìí gan-an inú mi ti ń rọ̀. Orí òkè ni Jama Masjid wà, àtẹ̀gùn ló yí i ká, ìwé ètò tí ọ́fíìsì fi ránṣẹ́ kò sì dárúkọ àtẹ̀gùn kankan fún ẹni tí wọ́n mọ̀ pé ó ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n lórí: ti àríwá jẹ́ 39, ti ìlà-oòrùn 35, ti gúúsù 33. Ó ní kí dírẹ́bà yí lọ sí gúúsù. Ó sáré gòkè, ó gbé àga oníke kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta tí mi ò mọ ibi tó ti rí wọn. Ẹni kẹrin ni dírẹ́bà wa, tó ti ń lejú láti ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó pa mọ́tò, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó di ẹsẹ̀ àga kan mú. Wọ́n gbé ìyá mi gòkè. Ó di tẹ̀sùbáà mú, ètè rẹ̀ ń mì, kò bojú wẹ̀yìn.

Lókè, ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ní àkókò ìrun ti sún mọ́, wọn kì í gba olùwòran wọlé, ó sì ń béèrè owó kámẹ́rà. Kí n tó lanu, Alhaja ti sálámà sí i láti orí àga. Ọkùnrin náà dáhùn ní kíkún, ó bi wá ní ìlú wa, ó yà kúrò lọ́nà. Amọ̀nà wa kì í ṣe Mùsùlùmí, ó dúró sẹ́yìn.

1656 ni wọ́n parí mọ́ṣáláṣí yìí, Shah Jahan kan náà ló kọ́ ọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n èèyàn ló lè kírun nínú àgbàlá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Alhaja kírun lórí àga, lábẹ́ òrùlé ẹ̀gbẹ́ àgbàlá, láàárín àwọn obìnrin tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Nígbà tó parí, ìyá àgbà kan na èso déètì sí i, àwọn méjèèjì sì jọ ń ka tẹ̀sùbáà. Láti ẹnu ọ̀nà ìlà-oòrùn, mo wo ìsàlẹ̀: Red Fort tí wọ́n tì mọ́ wa nìyẹn, gbogbo ògiri rẹ̀ nà sílẹ̀ nínú oòrùn.

Kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ó ní kí n lọ bá òun ra kànáfùrù. Dírẹ́bà ní òun á dúró sí ìtòsí rẹ̀, èmi àti amọ̀nà sì gun kẹ̀kẹ́ akérò tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà gba Chandni Chowk, torí mọ́tò ò gbọdọ̀ gba ojú títì yẹn lọ́sàn-án. Khari Baoli ni wọ́n ti ń ta èròjà ọbẹ̀ lọ́pọ̀. Ata gbígbẹ níbẹ̀ pọ̀ débi pé gbogbo ọjà ló ń wúkọ́, olówó, alábàárù, èmi. Nígbà tí mo ń ná kànáfùrù, amọ̀nà fò lọ sí òdìkejì, ó kọ̀yìn sí wa. Mo bi í ìdí. Ó ní kí ọlọ́jà má bàa rò pé òun lòun mú mi wá, kó wá fowó òun lé e.

Aago méjì ni wákàtí wa pé. Aago mẹ́ta àbọ̀ ni wọ́n gbé wa délé, wọn ò béèrè kọ́bọ̀ lé e.

Lálẹ́, mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì. Obìnrin náà ní ìjọba ló ń ti Red Fort, kì í ṣe àwọn. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ Ọjọ́bọ̀ padà ránṣẹ́ sí i. Ó ní àwọn á yọ ìdá mẹ́wàá kúrò lórí ìrìn wa tó ń bọ̀. Mo ní a ń padà sílé. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, 1,500 rupee wọlé, kò sí "ẹ máà bínú" kankan tẹ̀ lé e. Ó wá béèrè bóyá amọ̀nà ló sọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù fún mi. Mo dá a lóhùn pé ìwé ẹnu ọ̀nà ló sọ fún mi.

Mi ò ní gba ọwọ́ ọ́fíìsì yẹn mọ́. Ẹ̀yin tó ń mú aláìsàn lọ sí Delhi, ẹ má gba ọjọ́ Ajé, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó sanwó.

Alhaja ní kí n fún ìrìn náà ní ìràwọ̀ 5. Mo fún un ní 4.