Kámẹ́rà fíìmù àbí dígítà: èwo ni ká gbé lọ sí lokéṣọ̀n?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí ṣáá, owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Róòlù fíìmù 35mm (bó ṣe fẹ̀ tó nìyẹn) tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 400, bí ìṣẹ́jú 4 àti ààbọ̀ péré ló máa yà, ó tán nìyẹn, ẹ tún máa fi ránṣẹ́ sí lábù lókè òkun kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Dígítà ní tiẹ̀, ẹ máa yà á títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ̀ ń rí i lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ tí oòrùn ọ̀sán bá ń ta sórí páànù tó wà nísàlẹ̀ Mápó n'Íbàdàn, fíìmù máa ń gba ìmọ́lẹ̀ yẹn mọ́ra dáadáa, dígítà lè funfun báláú. Háàdì dísìkì tẹ́ ẹ kó àwòrán dígítà sí náà lè kú láìròtẹ́lẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà o! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tètè parí sinimá, dígítà ni. Tó bá jẹ́ fídíò orin, tí ẹlòmíì ń sanwó, ẹ wo fíìmù 16mm tó tín-ín-rín ju 35mm lọ, róòlù ẹsẹ̀ bàtà 400 tiẹ̀ ń tó ìṣẹ́jú 11.