Ìkìlọ̀: ẹni tó ń ta Tintin àti Alix «àtẹ̀jáde àkọ́kọ́» láti Brussels

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ń ka bédé (ìwé ìtàn aláwòrán), pàápàá ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Kútọnu tí ẹ máa ń ra ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìlú òyìnbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin kan wà tó ní Brussels lòun ń gbé. Ó ní bàbá àgbà òun ló kú tó fi àpótí ìwé sílẹ̀, àpótí náà kò sì tán títí di òní. Tintin àti Alix, bédé méjì tó lókìkí, ló pọ̀ jù nínú ọjà rẹ̀, «édition originale», ìyẹn àtẹ̀jáde àkọ́kọ́, ló sì ń pe gbogbo wọn. Irọ́ gbuu ni. Ìwé àtúntẹ̀ lásán ló ń tà ní iye ìwé tó ti di góòlù.

Àbúrò mi kan ní Kétu ra Le Lotus bleu, ọ̀kan nínú ìwé Tintin, lọ́wọ́ rẹ̀ ní yúró 150, ìyẹn bíi 98,000 fránkì sẹ́fà. Fọ́tò mẹ́ta péré ni ọkùnrin náà fi ránṣẹ́: èèpo iwájú, ojú ewé kan láàárín ìwé, àti ìlà tíńtín kan tó kà pé «Copyright 1946». Ẹni tó mọ ìtàn ìwé yẹn díẹ̀ ni fọ́tò kẹta yìí máa ń mú. Ní 1936 ni Le Lotus bleu kọ́kọ́ jáde ní dúdú àti funfun, ìwé tí Tintin ti yọ Tchang, ọmọ Ṣáínà, nínú odò, tí Hergé, ẹni tó dá Tintin sílẹ̀, sì ti ya bí àwọn ará Japan ṣe wọ Manchuria. Ní 1946 ni Casterman, ilé ìtẹ̀wé rẹ̀, wá tẹ aláwọ̀ mèremère rẹ̀ jáde. Nítorí náà, bí ẹ bá rí 1946, ọkàn yín á balẹ̀ pé ẹ ti rí àtẹ̀jáde aláwọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ọdún tí wọ́n kọ síwájú Copyright kì í ṣe ọdún tí wọ́n tẹ ìwé tó wà lọ́wọ́ yín; ó máa ń wà nínú gbogbo àtúntẹ̀, bí ọjọ́ ìbí èèyàn ṣe máa ń wà lórí káàdì ìdánimọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lánàá.

Nígbà tí ìwé dé, mo gbà á lọ́wọ́ àbúrò mi, mo yí i padà. Wọ́n ti fi abẹ ha igun ìsàlẹ̀ èèpo ẹ̀yìn, bébà ibẹ̀ ṣí wuruwuru, níbi tí àmì ìlà dúdú tí wọ́n fi ń tajà nílé ìtajà ńlá máa ń wà. Ṣùgbọ́n olè gbàgbé nǹkan kan. Lókè ibẹ̀, láàárín orúkọ àwọn ìwé Tintin yòókù, Tintin et les Picaros wà níbẹ̀ gbangba. 1976 ni Picaros jáde! Ìwé 1946 wo ló mọ orúkọ ìwé tí wọn ò tíì kọ?

Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin náà kì í fi í ya fọ́tò èèpo ẹ̀yìn rárá. Bí ẹ bá béèrè, á ní fóònù òun ti kú, á ní ẹlòmíràn ti fẹ́ san owó, á ní ẹ kò fọkàn tán òun. Ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹ ní kó ya fọ́tò èèpo ẹ̀yìn, kó ya ti ojú ewé àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, kó sì fi bébà tí ó kọ orúkọ yín sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé nínú fọ́tò. Ẹ wá wo nọ́ńbà. Bí ẹ bá rí D.1966/0053 tàbí irú rẹ̀, ìwé Casterman tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn tí òfin nọ́ńbà yẹn bẹ̀rẹ̀ ní Belgium ni, kò lè ju 1966 lọ sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé), kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀ mọ́: ISBN kò sí lórí ìwé 1946 tàbí 1956 kankan.

Ti Alix tún rọrùn láti mú. Alix, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Gaul (ilẹ̀ Faransé àtijọ́) tí Jacques Martin dá sílẹ̀, tí òun àti Enak, ọmọ Íjíbítì, jọ ń rìn kiri ayé Késárì, bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Tintin ní 1948. Alix l'intrépide di odindi ìwé ní 1956, ilé ìtẹ̀wé Lombard ló sì tẹ̀ ẹ́. Casterman kò fọwọ́ kan Alix títí di Les Légions perdues ní 1965. Ọkùnrin wa yìí ń ta Alix l'intrépide tí orúkọ Casterman wà lórí èèpo iwájú, ó sì ń pè é ní 1956. Kò tilẹ̀ bò ó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò mọ̀.

Ẹ̀dà «fac-similé» tún wà, tí Casterman fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ kí ó jọ ti àtijọ́, àní èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá. Ìwé dáadáa ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó yọ ọ̀rọ̀ «fac-similé» kúrò nínú ìkéde rẹ̀ ni ọ̀daràn. Orúkọ Picaros kò ní sí lẹ́yìn irú ẹ̀dà yìí, ẹ̀yin náà ẹ má fi ìyẹn gbẹ́kẹ̀ lé e. Inú ìwé ni kẹ́ ẹ ti wá ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Lórí owó: mómò tàbí PayPal «entre proches» (bí ìgbà tí èèyàn ń fowó ránṣẹ́ sí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́) ló máa ń béèrè, nítorí pé ẹni tó bá sanwó bẹ́ẹ̀ kò ní ààbò olùrà. Bí ẹ bá ti sanwó gẹ́gẹ́ bí ọjà lórí PayPal, ẹ ní ọjọ́ 180 láti fi ẹjọ́ sùn. Ẹ má fa ìwé náà ya, ẹ má sì dá a padà títí wọn á fi ní kẹ́ ẹ dá a padà. Ẹ ya fọ́tò igun tó ha yẹn dáadáa, kẹ́ ẹ fi gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá yín sọ pamọ́. Orúkọ tó ń lò báyìí kì í ṣe èyí tó lò fún àbúrò mi, ṣùgbọ́n ìtàn àpótí bàbá àgbà kò yí padà.