Jeep Wrangler Láìsí Ilẹ̀kùn Nígbà Ooru

Ìwọ̀nba ni ọkọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe kí ẹni tó ni ín lè fúnra rẹ̀ tú ilẹ̀kùn àti òrùlé rẹ̀, Jeep Wrangler sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Irú JL, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ọdún 2018, ni mò ń lò ní Texas. Irinṣẹ́ bá ọkọ̀ náà wá, wọ́n sì kọ T50, ìyẹn ìwọ̀n irin ìtúbóòtì tó bá a mu, sára ìdè ilẹ̀kùn kí ènìyàn má baà ṣi èyí tó yẹ mú.

Abala òrùlé méjì tó wà níwájú kò le: ẹ ó yí ìkọ́ wọn, ẹ ó gbé wọn kúrò, ó parí. Ti ẹ̀yìn gan-an ni iṣẹ́ wà, nítorí pé ó wúwo, ó ní wáyà àti rọ́bà omi wáípà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ, kò sì yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo dá a gbé. Ilẹ̀kùn náà ní wáyà tirẹ̀; mo gbàgbé èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó mi tó tètè pariwo.

Dígí ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń wo ẹ̀yìn máa ń bá ilẹ̀kùn lọ, nítorí náà mo ra èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ojú ìdè, torí òfin dígí yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Láàárín àdúgbò, atẹ́gùn rẹ̀ tu ni lára púpọ̀. Lójú títì márosẹ̀, a kì í gbọ́ ara wa, ó sì ti gba fìlà kan lọ lórí mi. Bí ìrìn bá jìn, mo máa ń dá ilẹ̀kùn padà.