Ẹ̀kọ́ òfin ìwà ọ̀daràn tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ìràwọ̀ mẹ́ta

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe nílé ẹjọ́. Ohun tí adájọ́ bá wí, èmi ni mò ń sọ ọ́ sétí olùjẹ́jọ́ ní Yorùbá. Èsì tó bá fọ̀, èmi náà ni mò ń gbé e padà. Ọdún kẹfà rèé, mi ò sì kọ́ òfin rí. Ìyẹn ni mo ṣe ra ẹ̀kọ́ alápá méjìlá kan, fídíò ni gbogbo rẹ̀, lórí ìpìlẹ̀ òfin ìwà ọ̀daràn àti bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó tà á, torí mo ní ẹ̀sùn lọ́wọ́.

Apá mẹ́fà àkọ́kọ́ dùn, kí n má purọ́. Obìnrin tó ń kọ́ wa kì í kánjú, ìtàn ló sì fi ń ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀. Ó mú wa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sídìí ẹjọ́ Cunningham, 1957. Ọkùnrin yìí ń wá owó, ló bá já mítà gáàsì (irú èyí tí wọ́n ń sọ owó sí kí gáàsì tó jáde) kúrò lára ògiri, ó kó owó inú rẹ̀, kò sì ti gáàsì. Gáàsì yọ́ gba ara ògiri bọ́ sílé kejì, ó ká ìyá tí yóò di àna rẹ̀ mọ́ ojú oorun. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní bí ohun tó ṣe bá ti jẹ́ ìwà ìkà, ó parí. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní rárá o. Olè ló jà, kò sẹ́ni tó jiyàn, ṣùgbọ́n ṣé ó mọ̀ pé gáàsì yẹn lè ṣe ènìyàn léṣe, tó sì ṣe é bẹ́ẹ̀ náà? Wọ́n fagi lé ẹ̀bi ti gáàsì. Mo dá fídíò dúró níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń túmọ̀ “ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é,” mi ò mọ̀ pé odindi ẹjọ́ lè so rọ̀ sórí “mọ̀ọ́mọ̀” kan ṣoṣo.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni mo gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Woolmington, òṣìṣẹ́ oko, ọmọ ọdún 21, gbé ìbọn tó ti gé ẹnu rẹ̀ kúrú pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù, ó lọ bá ìyàwó rẹ̀ tó ti kó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ní Oṣù Kejìlá 1934. Ìbọn dún, ọmọbìnrin ọdún 17 yẹn kú. (Àna lọ́tùn-ún, àna lósì, mi ò mọ ohun tí àna ṣe fún olùkọ́ yìí.) Ọkùnrin náà ní òun fẹ́ fi ìbọn halẹ̀ pé òun á pa ara òun ni, ó ṣèèṣì yìn. Adájọ́ ní kó fi hàn pé èèṣì ni lóòótọ́. Wọ́n dájọ́ ikú fún un. Ní 1935, ilé ẹjọ́ tó ga jù yí i padà: olùpẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí gbé ẹ̀sùn rẹ̀ dúró, láìsí iyèméjì tó nídìí. Olùjẹ́jọ́ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń pa mí lórí lẹ́nu iṣẹ́. Tí wọ́n bá ka ẹ̀sùn tán, wọ́n á bi olùjẹ́jọ́ bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ní èdè wa, “mi ò jẹ̀bi” dà bí ìbúra. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí ọkàn á máa kọ́ ọ lẹ́nu. Bàbá arúgbó kan wò mí lójú, ó ní, “Ṣebí adájọ́ ló yẹ kó sọ fún mi? Kí ló wá jókòó fún?” Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé bàbá yẹn kò jìnnà sí òtítọ́: “mi ò jẹ̀bi” níwájú adájọ́ kò ju “ẹ mú ẹ̀rí yín wá” lọ.

Ẹ̀kọ́ kẹrin, pé ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin lọ́jọ́ tí o ṣe é, a kì í fi òfin ọ̀la dá ọ lẹ́bi lórí rẹ̀, ó ṣe kedere, kò gùn.

Láti apá keje ni nǹkan ti dàrú. Ìmúni, béèlì, ìgbẹ́jọ́, kòtẹ́milọ́rùn: obìnrin tó ń sọ ìtàn tẹ́lẹ̀ wá ń ka ìwé sí wa létí. Èyí tó burú jù, ó ní lẹ́yìn ìdájọ́ Miranda ní Amẹ́ríkà ní 1966 (èyí tó ní kí ọlọ́pàá sọ fún ẹni tí wọ́n mú pé ó lè dákẹ́, kí wọ́n tó bi í léèrè ọ̀rọ̀), Miranda fúnra rẹ̀ gba ilé lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́ ní 1967, wọ́n pa ohun tó jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá tì, wọ́n sì tún dá a lẹ́bi. Ìdánwò wọn ṣì máa ń fagi lé ẹ tó o bá dáhùn bó ṣe yẹ. Ó fagi lé èmi.

Ẹ̀kọ́ kẹsàn-án dá lórí ẹ̀tọ́ olùjẹ́jọ́, látinú abala 14 àdéhùn àgbáyé ti 1966 lórí ẹ̀tọ́ aráàlú àti ẹ̀tọ́ òṣèlú. Ó ka agbẹjọ́rò, ó ka àkókò láti múra, ó ka bíbi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀. Ó wá fo ògbufọ̀! Ó wà níbẹ̀ o: ẹni tí kò bá gbọ́ èdè kóòtù ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi ẹlẹ́rìí léèrè ohun tí mi ò gbọ́?

Mo kọ̀wé sí wọn lórí Miranda àti ògbufọ̀. Wọ́n fèsì lọ́jọ́ kejì, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn á tún un ṣe. Oṣù méjì ti kọjá, fídíò kò yí padà. Ẹ rà á fún apá mẹ́fà àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá tún ẹ̀kọ́ kẹsàn-án ṣe, màá fi ìràwọ̀ kan kún un.