Magnetron 2M214 ti LG: ṣé ó tó owó tí wọ́n ń pè é?

Magnetron ni ẹ̀yà ara microwave tó ń ṣe ìgbì tó ń mú oúnjẹ gbóná. Nínú àwọn tí wọ́n ń tà fún microwave ilé ìdáná, èyí tó ń lo tiransifọ́mà ńlá, 2M214 wà lára èyí tó rọrùn jù láti rí rà. Ó ṣe é gbára lé pẹ̀lú, bí ó bá ti jẹ́ tuntun. Tòkunbọ̀ rẹ̀ ni mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ná owó lé lórí. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá sì ní magnetron ló bàjẹ́, nǹkan mìíràn ló jẹ̀bi.

Inú rẹ̀ jẹ́ páìpù bàbà tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Fílámẹ́ǹtì tó wà láàárín jẹ́ wáyà tungsten tí wọ́n po thorium mọ́. Iná bíi 3.3 fóltì àti ampere mẹ́wàá ló ń mú un pọ́n. Tiransifọ́mà, kàpásítọ̀ (tó ń tọ́jú iná pamọ́) àti dáyóòdù (tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) wá jọ ń fún un ní bíi 4,000 fóltì, tí nǹkan bíi 300 milliamp sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Òòfà olórùka méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kò jẹ́ kí electron tó ń jáde lára fílámẹ́ǹtì lọ tààrà: wọ́n á máa yí po níwájú àwọn pẹlẹbẹ bàbà, ibẹ̀ sì ni ìgbì 2,450 MHz tó ń mú oúnjẹ gbóná ti ń wá. Bíi 900 watt ló ń jáde. Èyí tó kù, 300 watt ó lé, ooru lásán ni, fáànù ló sì gbọ́dọ̀ gbé e kúrò.

Ọwọ́ kan ló gbé e lónìí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Èyí tí Randall àti Boot, onímọ̀ físíìsì méjì, ṣe ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1940 jẹ́ bàbà oníhò mẹ́fà tí òòfà oníná ńlá dì mú, ó sì máa ń fò láti orí ìgbì kan sí òmíràn. Lọ́dún 1941, Sayers, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ físíìsì ní Birmingham, fi wáyà so àwọn bàbà tó wà láàárín ihò náà pọ̀, ọ̀kan yẹ̀ ọ̀kan, ìgbì náà sì dúró sójú kan. Nínú àwọn magnetron ilé ìdáná òde òní, àwọn òrùka tó so pẹlẹbẹ mẹ́wàá pọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Radarange, microwave àkọ́kọ́ tí wọ́n tà, tó jáde ní 1947, ṣì ń fẹ́ omi láti fi tu magnetron rẹ̀ lára. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ará Japan bẹ̀rẹ̀ sí í lo òòfà ferrite dípò òòfà irin olówó gọbọi, fáànù sì rọ́pò omi. Lójú tèmi, àtúnṣe yẹn ló sọ microwave di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà. Òun náà ló sì bí àléébù tó tóbi jù lára 2M214.

Ṣẹ́ ẹ rí i, sísun ni wọ́n ń sun ferrite, ó sì ń fọ́ bí ìkòkò. Yàtọ̀ sí èyí, bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius kan lé, ó ń pàdánù bíi 0.2% agbára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí eruku àti ọ̀rá dí ojú afẹ́fẹ́ kó fi 100 °C gbóná ju bó ṣe wà lọ, ìdá kan nínú márùn-ún agbára òòfà ti lọ nìyẹn. Iná tó ń gba inú rẹ̀ á pọ̀ sí i, ìgbì tó ń jáde á dín kù. Bí òòfà bá wá là, tiransifọ́mà á máa kùn gan-an, fíúsì á sì jó. Nítorí náà, ẹ má gbé súpánà tàbí píláyà onírin sún mọ́ ọn: á fà á mọ́ra lójijì, ibẹ̀ ló sì ti ń là.

Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ kọ́kọ́ yẹ ti inú ẹ̀rọ wò. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá fi síkúrùdíráfà tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà kan ẹsẹ̀ méjèèjì kàpásítọ̀ pọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ kan ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ẹ̀rọ. Resistor 10 megohm tó wà nínú rẹ̀ ló yẹ kó ti tú iná dànù. Bí òun bá ti jó, iná tó lè pa ènìyàn ṣì wà níbẹ̀.

Ẹnu wáyà méjèèjì tó wọ magnetron ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ. Bí irin rẹ̀ bá ti dúdú, tí rọ́bà rẹ̀ sì ti pọ́n bí ẹni pé iná rà á, ẹ ti rí ọ̀daràn. Bí ìdènà iná níbẹ̀ bá jẹ́ ohm 0.05 péré, ampere mẹ́wàá á fi 0.5 fóltì ṣòfò, nínú 3.3 tí fílámẹ́ǹtì ń retí. Ẹ fá a mọ́, ẹ fi píláyà fún un pọ̀, tàbí kí ẹ pààrọ̀ ẹnu wáyà náà. Iná ilé tó lọọlẹ̀ náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, torí ara tiransifọ́mà kan náà ni iná fílámẹ́ǹtì ti ń wá. Dáyóòdù tó ti kan nínú (short) àti máíkà, pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ojú ihò tí ìgbì ń gbà wọ ibi oúnjẹ, tí ọ̀rá bá ti jó mọ́ ọn lára, tún lè jẹ̀bi.

Ẹ wá yọ wáyà, kí ẹ fi mítà wọn ẹsẹ̀ méjèèjì magnetron: kò gbọdọ̀ tó ohm kan. Láti ẹsẹ̀ sí ara, mítà kò gbọdọ̀ ka nǹkan kan rárá. Ṣùgbọ́n mítà kò lè sọ bóyá fílámẹ́ǹtì ti gbó, tàbí bóyá afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Ìdí tí mo fi sá fún tòkunbọ̀ nìyẹn: ó lè yege níwájú mítà lọ́jà, kó má lè se ẹyin nílé.

Lórí àtẹ, ẹ ka nọ́ńbà náà tán. 2M214 tí lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀ lè kọ ojú ẹnu wáyà síbòmíràn, ihò síkúrù rẹ̀ sì lè má bá ti yín mu. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání. 2M214 kò wà fún microwave inverter, èyí tó ń lo pátákó ẹlẹ́kítíróníìkì dípò tiransifọ́mà ńlá. Irú 2M236 ni àwọn yẹn ń lò. Ẹ wo òòfà bóyá ó là, ẹ wo fìlà orí rẹ̀ bóyá ó jó. Ẹ má fọ́ seramíìkì rẹ̀, torí àwọn àtijọ́ kan ní beryllium oxide, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ń dè é, òrùka wáyà híhun tó yí ọrùn rẹ̀ ká gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná á máa ta, ìgbì á sì máa jò. Ẹ wá gbé omi lítà kan tí ẹ ti wọn ooru rẹ̀ sínú, ẹ tan án fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ẹ rò ó pọ̀, ẹ tún un wọn. Ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan tó lé jẹ́ bíi 70 watt, nítorí náà 11 °C fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 770. Bí tuntun kò bá kọjá 6 tàbí 7 nígbà tí iná ilé pé 230 fóltì, tí ẹnu wáyà, dáyóòdù àti kàpásítọ̀ sì dára, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á.