Oògùn ìdènà túúlu: èwo ni ká rà nínú wọn?

Tí túúlu bá ń dá yín dúbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, ó ti kọjá ohun tí ẹ lè máa fi parasitamọ́ọ̀lù lé. Oògùn tí à ń lò lójoojúmọ́ kí orí má baà fọ́ wà lọ́tọ̀, òun ni mo sì ń fi wéra níbí. Ohun tí mo máa ń rí láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù ni pé èyí tó bá aládùúgbò lára mu làwọn èèyàn ń sáré lọ rà. Àìsàn mìíràn tó wà lára yín ló yẹ kó pinnu.

Ẹ kọ́kọ́ ka iye ọjọ́ tí ẹ ń lo oògùn ìrora. Ẹni tó bá ń lo parasitamọ́ọ̀lù lọ́jọ́ 15 lóṣù fún oṣù tó lé ní mẹ́ta, oògùn náà gan-an lè ti di ohun tó ń fọ́ ọ lórí. Ní ti tramadol àti parasitamọ́ọ̀lù tí wọ́n po kaféènì mọ́, ọjọ́ 10 péré ti tó.

Propranolol àti amitriptyline ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu dókítà. Àwọn méjèèjì ti pẹ́ láyé, owó wọn kò gani lára, wọn kò sì ṣòro rí. Ọkàn ni wọ́n ṣe propranolol fún lọ́dún 1960 sí 1969. James Black tó ṣe é gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1988. Àwọn tó ń lò ó fún ọkàn ló ṣàkíyèsí pé ẹ̀fọ́rí àwọn dín kù. Tí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú túúlu, òun ló yẹ yín, òkò kan ẹyẹ méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní asìmá kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án, torí ó lè dí ọ̀nà èémí. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà náà ní láti ṣọ́ra: bí ṣúgà bá já wálẹ̀, àyà tó yẹ kó máa lù kìkì kó fi ta á lólobó lè má lù.

Amitriptyline wà fún ẹni tí kì í rí oorun sùn. Ìwé inú páálí lè sọ pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni. Ẹ má bínú sí dókítà, kò pè yín ní wèrè. Ti túúlu kéré gan-an sí ti ìrẹ̀wẹ̀sì: mílígíráàmù 10 lálẹ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnu á gbẹ, ìgbẹ́ á le díẹ̀, ara sì lè máa sanra. Ẹ lò ó ní aago mẹ́jọ alẹ́ dípò mọ́kànlá, kí ojú má baà wúwo láàárọ̀, pàápàá ẹni tó ń wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà. Bàbá àgbà tí kì í rí ìtọ̀ tọ̀ geere, àti ẹni tó ní glaucoma, ìyẹn àìsàn ojú kan, kí wọ́n wá òmíràn.

Topiramate, oògùn wárápá, wọ́n ju méjèèjì lọ. Dípò kó múni sanra, ńṣe ló ń fani gbẹ, inú àwọn kan sì máa ń dùn sí ìyẹn. Ẹ̀wẹ̀, ìka ọwọ́ á máa jẹ yín yìnrìnyìnrìn, mínírà á tẹ́ lẹ́nu bí ẹni pé wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ láti àná, ọ̀rọ̀ tí ẹ mọ̀ dáadáa sì lè kọ̀ kó má jáde lẹ́nu. Ẹ máa mu omi púpọ̀ nítorí òkúta inú kíndìnrín. Obìnrin tó lè lóyún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ra òun tàbí valproate, oògùn wárápá mìíràn. Méjèèjì ń ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Flunarizine tún wà, alálẹ́ lòun náà, ṣùgbọ́n kò dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀wẹ̀sì tẹ́lẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Erenumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2018, ni wọ́n dìídì ṣe nítorí túúlu. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lẹ ó gbà á sábẹ́ awọ. Owó rẹ̀ ga fíofío, inú fíríìjì ló sì ń gbé, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Èmi ò rí ìdí tí ẹni tí kò tíì gbìyànjú hóró olówó pọ́ọ́kú fi máa lọ síbẹ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ fún un ní oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹni tó fẹ́ jókòó nínú oòrùn àti ariwo ìbọn Ojúde Ọba láìsí ẹ̀fọ́rí ní láti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú Iléyá. Hóró kan láàárọ̀ ọjọ́ náà kò lè ṣe nǹkan kan. Tó bá dín ọjọ́ ẹ̀fọ́rí yín kù sí ìdajì, ó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ má kàn já propranolol sílẹ̀ lójijì o. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù.

Bí orí bá fọ́ lójijì bí èyí tí kò ṣe rí, tàbí tí apá kan ara rọ, ẹ fi ọ̀rọ̀ oògùn ìdènà sílẹ̀, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, ìbáà ṣe OOUTH ní Ṣágámù tàbí Babcock ní Ìlíṣàn. Ẹ sì jẹ́ kí dókítà kọ oògùn kí ẹ tó rà á. Kẹ́místì tó bá fẹ́ ta propranolol fún yín láìbéèrè bóyá ẹ ní asìmá, ẹ gba owó yín, kí ẹ bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.